Ìrìnnà ní Èkó: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí, àti èsì tí mo máa ń fún wọn

Ìkòròdú ni mò ń gbé, Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo ti ń jẹ. Láàárín méjèèjì, kò sí ohun tó ń yí táyà tí n kò tíì wọ̀ rí, àfi tírélà. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa bá fẹ́ kó wá sí Èkó, tàbí tó fẹ́ ra ilẹ̀ síbẹ̀, tàbí tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó fún ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni wọ́n máa ń pè. Mo dá wọn lóhùn títí ẹnu fi fẹ́ bó, ni mo bá kúkú jókòó, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ló dé tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó kì í tán?

Ibì kan náà ni gbogbo wa ń lọ, àsìkò kan náà la sì ń jáde. Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, Èkó ló kéré jù ní ilẹ̀: 3,577 kìlómítà níbùú lóròó, omi ló sì gba èyí tó ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ. Báńkì ńláńlá, ọ́fíìsì, ọjà Balógun àti Ìdúmọ̀tà, erékùṣù ni wọ́n kó sí. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń sùn sí Ìkòròdú, Agége, Àlímọ̀ṣọ́, àní Sàngó àti Mówè tí kì í ṣe Èkó mọ́, tó ti di ti Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Afárá mẹ́ta péré ni mọ́tò lè gbà kọjá sí erékùṣù. Ti Carter ni àkọ́kọ́, 1901 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì tún un kọ́ lẹ́yìn òmìnira. Afárá Èkó parí ní 1975. Third Mainland parí ní 1990. Láti 1990 wá, a ò tíì fi ìkẹrin kún un. Èyí tí wọ́n ṣí láti Lẹ́kkí sí Ìkòyí ní 2013 kò sí nínú kíkà yìí, torí ẹni tó ti sọdá ló ń lò ó. Ẹni tí kò bá fẹ́ gun ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àfi kó yí gba Ẹ̀pẹ́, ìyẹn sì ti di ìrìn àjò.

Ohun tí kò tó nǹkan ló ń dá ọ̀nà tó kún tó báyìí dúró. Táyà danfo kan bẹ́ níṣojú mi lórí Third Mainland, aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀. Awakọ̀ náà kò tíì tú nọ́ọ̀tì kejì tí ọkọ̀ fi tò dé Òwòròǹṣòkí lẹ́yìn wa. Kó tó fi gbé táyà àpọ́jù síbẹ̀, ẹni tó ń ta omi tútù ti dé, ẹni tó ń ta gála ti dé, ẹnì kan sì ti ń ta ṣájà fóònù.

Èèyàn mélòó gan-an ló wà ní Èkó?

Ó kù sí ọwọ́ ẹni tí ẹ bá bi. Ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2006 sọ pé 9,013,534. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ó ní tòun tí òun kà jẹ́ mílíọ̀nù 17.5. A kò tíì tún èèyàn kà láti ìgbà náà. Ẹni tó bá ti dúró ní Òṣòdì láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ rí kò ní bá ìjọba ìpínlẹ̀ jiyàn púpọ̀.

Ṣé kò ní sàn kí wọ́n kàn fẹ ọ̀nà sí i?

Ìbéèrè yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jà. Ọ̀nà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀, mọ́tò ló ń pè. Ẹni tó ti ń wọ danfo tẹ́lẹ̀ á mú mọ́tò tirẹ̀ jáde. Ẹni tó ti ń fi sùúrù dúró di aago mẹ́wàá kó tó jáde á jáde ní méje. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ilẹ̀ tó wà ní ìkángun ọ̀nà náà, àwọn tó bá rà á á kọ́lé, wọ́n á sì bọ́ sójú ọ̀nà kan náà láàárọ̀. Third Mainland fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, kò sí afárá tó gùn tó o ní gbogbo Áfíríkà. Ẹ gùn ún láago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ó fẹ̀.

Danfo kan tó kó èrò mẹ́rìnlá, àti jíìpù kan tí ọ̀gá kan ṣoṣo jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn: àyè tí wọ́n ń gbà lójú títì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. N kò ta ko afárá kíkọ́ o. Èèyàn ni mo ní kí á máa kà, kí á yé ka mọ́tò.

Kí ni BRT, báwo ló sì ṣe bẹ̀rẹ̀?

Bọ́ọ̀sì gígùn ni, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n là fún un ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Ní 17 oṣù Kẹta 2008, nígbà Gómìnà Fashola, wọ́n gé ìlà kan lára títì láti Mile 12 dé CMS ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nǹkan bíi kìlómítà 22, wọ́n ní bọ́ọ̀sì nìkan ló gbọ́dọ̀ gbà á. LAMATA ló ṣètò rẹ̀, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tí òfin 2002 dá sílẹ̀ láti máa bójú tó ìrìnnà. Wọ́n nà án dé Ìkòròdú ní 2015, wọ́n sì ṣí ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá ní 2020.

Ibi tí wọ́n bá ti fi kọnkéré pààlà, bọ́ọ̀sì náà ń sáré. Inú èèyàn máa ń dùn láti gba ojú fèrèsé wo àwọn tó wà nínú mọ́tò tí wọn ò lè sún. Ṣùgbọ́n wọn ò fi kọnkéré pààlà sí gbogbo rẹ̀. Ibi tó bá ti ṣí sílẹ̀, olóyè tó ní sáírẹ́nì á wọ̀ ọ́, ọlọ́pàá á tẹ̀ lé e, danfo tó ní ìgboyà á tẹ̀ lé ọlọ́pàá. Ìṣòro kejì ni pé ọkọ̀ kì í tó. Mo ti tò fún wákàtí kan àti ààbọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ka àwọn tó wà níwájú mi dé ọgọ́rin kí n tó jáwọ́. Ọ̀nà dídá mọ́ bí awẹ́ obì, bọ́ọ̀sì tó máa gbà á ni kò sí.

Ṣé dandan ni káàdì Cowry?

Fún bọ́ọ̀sì ìjọba àti ọkọ̀ ojú irin ìlú, ẹ rà á kí ẹ má bàa jìyà. Ibùdókọ̀ ńlá ni wọ́n ti ń tà á. Ẹ ó kó owó sí i, ẹ ó fi kan ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ ó tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń sọ̀. Ẹ má gbàgbé ti sísọ̀ o, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń mọ ibi tí ìrìn yín parí sí. Owó ẹyọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn baba wa ná owó ẹyọ, àwa náà tún padà sídìí ẹ̀.

Blue Line àti Red Line, kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Blue Line ń lọ láti Mile 2 sí Màrínà, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún: Mile 2, Súrù-Alábà, Òrílé, National Theatre, Màrínà. Iná mànàmáná ló ń lò, irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin nísàlẹ̀ ló sì ń gbé iná náà. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òun á sáré fo ojú irin kọjá bí a ti máa ń ṣe ní Agége láyé àtijọ́, ikú ló ń wá. Ó ń gorí ọ̀sà wọ Màrínà, ojú omi sì dára wò láti inú ẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Kì í gbà tó ìdajì wákàtí. Ẹni tó bá ti jókòó sínú danfo láti Mile 2 sí Ìsàlẹ̀ Èkó fún wákàtí méjì rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Red Line ń lọ láti Agbádó sí Òyìngbò, kìlómítà 27: Agbádó, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábàá, Òyìngbò. Dísù ló ń lò, ojú irin kan náà ló sì ń bá ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 lò. Ìyẹn ni kò fi lè máa wá léraléra bó ṣe yẹ. Ààrẹ Tinubu ṣí i ní 29 oṣù Kejì 2024, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ ní 15 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Kò tíì dé erékùṣù. Ẹ ó sọ̀ ní Òyìngbò, ẹ ó sì wá ọkọ̀ mìíràn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ọkọ̀ Red Line fún?

Òótọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Wisconsin ló ní kí Talgo, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Sípéènì, ṣe é fún òun. Ìjọba yí padà níbẹ̀, àwọn tó dé lẹ́yìn ní àwọn ò ṣe mọ́. Ọkọ̀ náà jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí Èkó fi rà á ní 2022. Ẹ má pè é ní tòkúnbọ̀ o, kò gbé èrò kankan rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ló fà á tí ọkọ̀ ojú irin ìlú fi pẹ́ tó báyìí?

Èyí ló máa ń dun àwọn àgbà jù. Èkó kì í ṣe àjèjì sí rélùwéè. 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó láti Ìddó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Láti 1902 dé 1933, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ń gba orí afárá Carter wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn baba ńlá wa ti fi ọkọ̀ ojú irin sọdá omi yìí kí wọ́n tó bí àwa.

Alhaji Lateef Jakande di gómìnà ní 1979. Ó rí i pé ọ̀nà ò ní gba èèyàn mọ́ láìpẹ́, ó sì ṣètò Metroline, kìlómítà 28.5. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1983. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ológun gbàjọba, nígbà tó sì di 1985 ìjọba Ọ̀gágun Buhari ní kí wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Owó tí Èkó pàdánù sí i ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ, láìsí irin ẹyọ kan nílẹ̀ tí èèyàn lè gùn.

2010 ni iṣẹ́ Blue Line tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà sì ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ bí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ń rówó san. Gómìnà tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ, èyí tó tẹ̀ lé e náà lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òpó kọnkéré lásán ló dúró sójú ọ̀nà Bàdágìrì, àwọn tó ń ta búrẹ́dì sì ń jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀. Ní 24 oṣù Kìíní 2023, Ààrẹ wá ṣí i. Ta ni Ààrẹ? Buhari kan náà ni. Jakande kò sí níbẹ̀. Ó ti kú ní oṣù Kejì 2021, ẹni ọdún mọ́kànlélàádọ́rùn-ún. Ní 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni èrò àkọ́kọ́ tó wọlé, ogójì ọdún lẹ́yìn ìpìlẹ̀ Metroline. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti lè di bàbá àgbà kó tó rí ọkọ̀ náà wọ̀.

Ṣé wọ́n máa kó danfo kúrò nílẹ̀?

Gómìnà Ambode sọ bẹ́ẹ̀ ní 2017. Danfo ló kù. Ìdí rẹ̀ ni pé danfo ń wọ ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá ò lè wọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń dúró de ìjọba kó tó bá a lọ. Òun náà ní ìwà rẹ̀ o. Ẹ máa rò pé wèrè ni awakọ̀ náà títí ẹ ó fi mọ bó ṣe ń jẹun: ọkọ̀ kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Iye kan wà tó gbọ́dọ̀ kó fún olówó ọkọ̀ lálẹ́, èrò wọ̀ o, èrò ò wọ̀ o. Epo, ọrùn rẹ̀. Àgbèrò dúró ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun náà ń gba tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni òun àti kọ̀ndọ́ máa pín. Ẹni tó bá wà nínú irú ìnira yìí, á dúró pẹ́ kí ọkọ̀ kún, á sì sáré àsápajúdé nígbà tó bá kún.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni "Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!" Bí ẹ ò bá ní ṣénjì, kọ̀ndọ́ á so yín pọ̀ mọ́ ẹlòmíràn. Á na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí yín, á ní, "Ìwọ àti bùrọ̀dá yìí, ẹ lọ pín in." Ọkọ̀ á lọ. Ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí á wá dúró ní Kétu, ẹ ó jọ máa wá ìyá oníbúrẹ́dì tó máa bá yín ṣẹ́ ẹ. Mo ti rí àwọn tí wọ́n torí ẹ̀ di ọ̀rẹ́. Mo sì ti rí àwọn tí wọ́n jà. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ń lọ, "Ó wà o!" ni kí ẹ pariwo, kò sí aago kankan tí ẹ ó tẹ̀.

Èló ni owó ọkọ̀?

N kò ní kọ iye kankan síbí, torí ó lè ti yí kí ẹ tó kà á tán. Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, a kò mọ ibi tó ń lọ. Ti danfo tún ń gbọ́ràn sí ojú ọ̀run lẹ́nu: bí òjò bá ṣú, owó á gòkè.

Ibo ni ọ̀kadà ò gbọ́dọ̀ dé?

Láti 1 oṣù Kẹfà 2022, wọ́n fòfin dè é pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Lagos Mainland, Lagos Island àti Àpápá. Ní 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi mẹ́rin kún un: Kosofẹ, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin. Ẹni tó gùn ún náà ń jẹ̀bi, kì í ṣe ọlọ́kadà nìkan. Àwọn ọlọ́kadà á ní kò séwu. Wọ́n á fi yín sílẹ̀ sá lọ bí wọ́n bá rí àwọn agbófinró.

Omi yí wa ká. Kí ló dé tí a kì í gbà á?

À ń gbà á, a ò kàn pọ̀. Láti ẹ̀bútẹ́ Ìpakòdó ní Ìkòròdú, ọkọ̀ ojú omi lè gbé yín dé erékùṣù kí ẹni tó gba títì tó kúrò ní Ọjọ́ta. LASWA, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi, ni ìjọba gbé lé e lórí láti 2008. Ẹ wọ ẹ̀wù ìdóòlà ẹ̀mí kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ so ó dáadáa, ẹ má kàn gbé e ka itan. Ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ lálẹ́, òfin kò gbà á, torí òkùnkùn kì í jẹ́ kí wọ́n rí gẹdú tó wà nínú omi.

Ọkọ̀ náà kéré, epo ń wọ́n, ẹ̀bútẹ́ sì jìnnà sí ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni koríko tó ń léfòó. Ní 1984 ni omi gbé e wọlé láti Olómìnira Benin, gba ọ̀nà Bàdágìrì, kò sì kúrò mọ́. Ó máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ á sì gbé e sókè, á máa fi ọwọ́ já a, ẹ̀yin á jókòó láàárín ọ̀sà, ẹ ó máa wo ara yín. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi iyọ̀ òkun wọ inú ọ̀sà, ó ń kú. Bí òjò bá padà, òun náà á padà. Ìyá mi ṣì máa ń kọ́kọ́ béèrè lórí fóònù, "Ṣé kì í ṣe orí omi lo wà?"

Ìjọba fẹ́ la ọ̀nà gba ilẹ̀ mi. Ṣé wọ́n á sanwó?

Ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́kún. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá nílò ilẹ̀ fún ohun tí gbogbo ìlú máa lò, ó lè gbà á, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìwé tó yín létí. Owó tó máa san jẹ́ ti ohun tó wà lórí ilẹ̀: ilé, irè oko, ohun tí ẹ rì mọ́lẹ̀. Fún ilẹ̀ lásán, òfin náà kò sọ ju owó ilẹ̀ ọdún yẹn tí ẹ san fún ìjọba lọ. Ẹni tó fi mílíọ̀nù ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, tí kò tíì kọ́ nǹkan kan sí i, ó rí ohun tó ń dúró dè é. Ẹni tó sì kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ, tàbí tó kọ́ ọ wọ inú ààyè tí òfin ní kó fi sílẹ̀ fún ọ̀nà, á jà kó tó rí owó gbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ìwé sọ́fè náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá, kí wọ́n fi wé máàpù wọn, kí wọ́n sọ bóyá ìjọba ti fọwọ́ lé e. Ẹ má fi ti ẹni tó ń tà á ṣe. Ìyá kan ní àdúgbò wa jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ọ̀dà pupa lára ògiri rẹ̀, ó sì rò pé àwọn ọmọ ìta ló kọ ọ́. Ó fi ẹfun kùn ún bò. Ọ̀dà náà jáde padà lẹ́yìn òjò, katapílà sì tẹ̀ lé e kó tó di ọdún kejì.

Kí ni tírélà ń ṣe ní Àpápá?

Ó ń dúró. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù tó ń gba èbúté Àpápá àti Tin Can wọlé, orí títì ló ń gbà jáde. Àwọn ilé ìpamọ́ epo tún wà ní àdúgbò kan náà. Láti 2021, íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń pe tírélà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dín ìyà kù. Èbúté Lẹ́kkí ṣí ní 2023, kò sí rélùwéè níbẹ̀, nítorí náà ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ wo Àpápá dáadáa.

Kí ló kàn?

Wọ́n ń na Blue Line lọ sí Òkòkòmáíkò. Wọ́n ní Red Line náà máa wọ Màrínà, Green Line á sì lọ sí apá Lẹ́kkí. Afárá kẹrin, tí wọ́n yà sórí ìwé ní nǹkan bíi kìlómítà 38, máa so apá Lẹ́kkí mọ́ Ìkòròdú. Ọjọ́ tí mo rí òpó rẹ̀ ni mo máa gbà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti fi orúkọ afárá yẹn tà ní àdúgbò wa ti tó kọ́ ìlú mìíràn.

Mo ń kó bọ̀ wá sí Èkó. Ibo ni kí n gbé?

Ẹ má fi kìlómítà ṣe òdiwọ̀n, iye ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ ni kí ẹ kà. Ilé tó jìnnà tí ẹ lè wọ ọkọ̀ kan láti ibẹ̀ dé ibi iṣẹ́ sàn ju ilé tó súnmọ́ tí ẹ máa wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ẹ wọ danfo, kí ẹ tún fẹsẹ̀ rìn. Ẹ béèrè bí òjò ṣe máa ń ṣe òpópónà náà. Àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó ń bá yín wálé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ sùn sí àdúgbò yẹn mọ́jú ọjọ́ Ajé kan, ní ilé ọ̀rẹ́ tàbí níbikíbi. Ẹ jáde láago márùn-ún ìdájí bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wo iye àwọn tí ẹ máa bá ní ibùdókọ̀.